Ẹsẹ̀ Màmá Ni Kó Kọ́kọ́ Wọ Ilé Tuntun: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Ní Ìlútítun

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, a fẹ́ kó lọ sí ilé mìíràn, kí ni ká yẹ̀ wò ká tó san owó?" Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Ìlútítun, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, kí n sọ ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ lọ́dún 2015. Ojú ń tì mí díẹ̀ láti sọ ọ́, nítorí pé inú iṣẹ́ tí mo kọ́ gan-an ni mo ti kùnà. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi í pamọ́, ta ni yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀?

Ọkọ mi, tí í ṣe olùkọ́, ni wọ́n gbé kúrò ní Àkúrẹ́ lọ sí agbègbè Òkìtìpupa. Àwa márùn-ún la jọ lọ: ọkọ mi, èmi, àwọn ìbejì wa tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 4 nígbà náà, àti ìyá ọkọ mi, tí ó ti lé ní ẹni 70 ọdún. Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún sì máa ń dùn ún, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Bí ó bá wà nínú ilé, ilé kì í dákẹ́.

Oṣù kẹfà ni a kó ẹrù, òjò sì ń rọ̀. A gba Oǹdó kọjá, a dé Ọ̀rẹ̀, níbi tí ọ̀nà ńlá Èkó sí Ìbíní gbà kọjá. Láti ibẹ̀ ni a ti kọrí sí apá gúúsù, sí Òkìtìpupa. Bí ènìyàn bá ti ń wọ ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ojú rẹ̀ á sọ fún un: ọ̀pẹ lọ́tùn-ún, ọ̀pẹ lósì, ẹ̀gẹ́ láàárín wọn, erùpẹ̀ pupa bí ẹni pé wọ́n da osùn sí i. Òkìtìpupa kò kúkú fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a yà sí Ìlútítun, mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ilé tuntun ní Ìlútítun, kí ló tún kù?" Màmá dá mi lóhùn láti ẹ̀yìn ọkọ̀ pé, "Ìyàwó mi, ẹsẹ̀ tó ti gbó ló kù."

A jọ rẹ́rìn-ín ni. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gidi ló sọ.

Ilé náà dára lójú. Yàrá mẹ́ta àti pálọ̀ ni, páànù orí rẹ̀ ṣì ń dán. Ìyá Onílé ń gbé nínú ilé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kànga wà ní iwájú, ṣalángá sì wà lẹ́yìn pátápátá, ní ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kí á tó kó ẹrù ni èmi àti ọkọ mi ti lọ wo ibẹ̀, èmi sì fi ojú nọ́ọ̀sì wò ó dáadáa. Mo fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà láti kànga dé ṣalángá. Ó yẹ kí àárín wọn tó mítà 30, ó kéré tán, kí ẹ̀gbin ṣalángá má baà wọ́ lábẹ́ ilẹ̀ lọ bá omi. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, inú mi dùn. Mo wo ẹnu kànga, ó ní ìdérí. Mo wo fèrèsé, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà níbẹ̀. Mo wo òkè àjà bóyá eku wà, nítorí pé ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ibi tí ibà Lassa ti ń yọ ènìyàn lẹ́nu jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló sì sábà máa ń kó o ran ènìyàn. A dí gbogbo ihò, a ra ike onídèérí tí a ń da gàrí àti ìrẹsì sí.

Iná ìjọba kò sí ní agbègbè náà láwọn ọdún yẹn, jẹnẹrétọ̀ ni kálukú ń tàn. Ọkọ mi fẹ́ gbé tiwa sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí òjò àti olè. Mo ní rárá o. Èéfín olóró inú jẹnẹrétọ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹni tó bá ń sùn kò ní mọ̀ títí tí ẹ̀mí fi máa bọ́. Ìta gbangba ni ibùjókòó rẹ̀, kí ó jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ó kéré tán. Ọkọ mi gbà. Lọ́jọ́ tí a kó dé, mo so nẹ́ẹ̀tì mọ́ ibùsùn gbogbo wa kí a tó tú àpótí aṣọ. Kẹrosíìnì tó wà nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, mo dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, mo gbé e sókè kúrò lọ́wọ́ àwọn ìbejì. Mo wá gbé àyà sókè pé kò sí ohun tí mo gbàgbé.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun kan wà tí mo gbàgbé. Mo wọn bí ṣalángá ṣe jìnnà sí kànga tó. N kò wọn bí ó ṣe jìnnà sí ibùsùn Màmá.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Màmá ń rẹ́rìn-ín, ó ń kí àwọn aládùúgbò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Bí mo bá gbé tíì fún un ní alẹ́, á ní òun ti yó. Ife omi tí mo gbé sí ìgbèrí rẹ̀ lálẹ́, bí mo ṣe gbé e síbẹ̀ ni mo ń bá a láàárọ̀. Mo rò pé àárò Àkúrẹ́ ló ń sọ ọ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní orí ń fọ́ òun, ó ní, "Ilé yìí kò gbà mí." Àwọn kan ní kí á gbàdúrà sí ilé náà, a sì gbàdúrà. Ọkọ mi ti ń rò ó pé kí á dá Màmá padà sọ́dọ̀ àbúrò òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wọlé lọ kí i, ó fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pè mí. Ó fẹ́ dìde, òyì kọ́ ọ, ó ṣubú padà sórí ibùsùn. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. A wá ọkọ̀, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Òkìtìpupa. Nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó jẹ́ 190 lórí 110. Ahọ́n rẹ̀ gbẹ bí igi. Dókítà bi mí bóyá ó ń lo oògùn rẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi fúnra mi ni mo ń fún un láràárọ̀.

Nígbà tí mo padà wálé wá mú aṣọ ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Onílé pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Ìyàwó, má bínú sí mi o. Ìyá yín kì í mu omi. Bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, kò ní fi omi kan ẹnu mọ́. Mo bi í, ó ní tí òun bá mu omi, òun á fẹ́ tọ̀ lóru, òun kò sì lè gba ẹ̀yìnkùlé yẹn kọjá nínú òkùnkùn. Ó ti yọ̀ ṣubú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí n má sọ."

Mo sáré wọ yàrá Màmá. Abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ni mo ti bá oògùn 11 tó dì sí etí gèlè. Oríṣi kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, èyí tó máa ń jẹ́ kí ènìyàn tọ̀ dáadáa kí ẹ̀jẹ̀ ríru lè wálẹ̀. Á gbà á lọ́wọ́ mi, á fi sẹ́nu, bí mo bá ti yíjú padà, á tu ú. Mo wá mú tọ́ọ̀ṣì, mo gba ọ̀nà tí Màmá ń gbà. Mo sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn méjì tó ga, kò sí ohun tí ọwọ́ lè dì mú. Ẹrẹ̀ pupa ń yọ̀ lẹ́sẹ̀ mi, èmi tí mi ò tíì pé 40 ọdún nígbà náà. Kí n tó dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo ti ń sunkún.

Lọ́jọ́ kejì mo bi í pé, "Màmá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?" Ó wo ojú mi, ó ní, "Ìyàwó mi, ẹ ti ná owó púpọ̀ sórí ilé yìí. Ṣé èmi ni n ó wá sọ pé ilé ọmọ mi kò dára?"

Ẹ̀yin òbí, ẹ fi etí sí èyí o. Bí ènìyàn bá ti ń dàgbà, òùngbẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ ẹ́ mọ́, bí ara tilẹ̀ fẹ́ omi. Bí ó bá tún wá ń fi omi du ara rẹ̀, òyì á máa kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ á máa dàrú mọ́ ọn lẹ́nu, àwọn ará ilé á sì máa pe èyí ní ogbó tàbí àfọwọ́fà ọ̀tá. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a dáwọ́ oògùn rẹ̀ dúró lè di àrùn rọpárọsẹ̀. Bí oògùn kan bá ń mú yín tọ̀ jù, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ sọ fún dókítà. Òwúrọ̀ ni wọ́n sábà máa ń ní kí á lo irú rẹ̀, kí ìtọ̀ náà lè tán lójú ọ̀sán. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ṣàdédé dàrú mọ́ àgbàlagbà lẹ́nu, tàbí tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò lágbára mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré gbà, àdúrà á máa bá yín lọ lójú ọ̀nà.

Màmá lo ọjọ́ mẹ́rin ní ilé ìwòsàn. Kí ó tó dé, a ti tún ilé ṣe. Mo ra póò onídèérí ní ọjà, a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, pẹ̀lú àga alápá méjì tó lè dì mú bó bá fẹ́ dìde. A gba àṣẹ lọ́wọ́ Ìyá Onílé, bíríkìlà fi búlọ́ọ̀kù sọ àtẹ̀gùn méjì tó ga di mẹ́rin tó rọlẹ̀. Ọkọ mi gé ọparun, ó fi ṣe ọwọ́ ìdìmú láti ẹnu ọ̀nà dé ṣalángá. A da òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn sí ojú ọ̀nà. Mo ra bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀ fún un, àti àtùpà tí a ń fi iná jẹnẹrétọ̀ sọ lágbára, tó ń tàn mọ́jú. Gbogbo rẹ̀ kò tó owó tí a san fún awakọ̀ tó kó ẹrù wa wá. Nígbà tí òṣù kan pé, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti wálẹ̀, ilé sì ti ń pariwo padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó lọ sí ilé mìíràn, ẹ yẹ omi wò, ẹ yẹ ṣalángá wò, ẹ wá ibi tí jẹnẹrétọ̀ máa wà, ẹ mú káàdì àjẹsára àwọn ọmọ dání, kí ẹ sì mọ ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín kí ọ̀rán tó dé. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san owó, ẹ mú ẹni tó dàgbà jù nínú ilé yín lọ síbẹ̀. Kí òun fúnra rẹ̀ rìn láti yàrá dé ilé ìyàgbẹ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ lẹ́yìn òjò, tàbí nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ẹ má bi í pé, "Ṣé ilé yìí dára?" nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni á máa ní. Ẹ bi í pé, "Bí ẹ bá fẹ́ tọ̀ lóru, báwo lẹ ó ṣe ṣe é?" Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó sílẹ̀ lórí ìlẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ wo ohun tí ọwọ́ ọmọ kékeré lè tó. Kí ẹ sì tètè di ọ̀rẹ́ aládùúgbò. Èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí kò rí ohun tí Ìyá Onílé rí láti ojú fèrèsé rẹ̀.

Àwọn méjèèjì di kòríkòsùn lẹ́yìn náà. Ilé ìdáná Ìyá Onílé ni Màmá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe púpurú: bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ̀gẹ́ títí á fi rọ̀, bí wọ́n ṣe ń fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n ń mọ ọ́n róbótó, tí wọ́n ń yan án lórí iná eléèéfín títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi dúdú, tí wọ́n á wá ha dúdú náà kúrò kí wọ́n tó gún un, kí wọ́n sì rò ó bí àmàlà. Èmi kàn ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ èéfín lọ.

Ọdún mẹ́rin la lò ní Ìlútítun. Nígbà tí wọ́n tún gbé ọkọ mi lọ sí ibòmíràn, a rí ilé kan, a sì mú Màmá lọ wò ó. Kò wo pálọ̀, kò wo páànù. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ tààrà, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó sì jáde wá. Ó ní, "Ẹ san owó wọn."

Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ilé tuntun gbà wá o, àmín.