Ìgbéga Ikùn: Ọ̀rọ̀ Fún Àwa Ọmọ Oòduà Tó Wà ní Kàdúná

Àwọn tó ń ṣètò ìwé yìí ní ká kọ nǹkan tí yóò ṣe àwọn ará wa láǹfààní. A rò ó títí, a sì rí i pé ọ̀rọ̀ ara wa gan-an ló yẹ ká sọ: ọ̀rọ̀ ìsanrajù àti àwọn àìsàn tó ń tẹ̀lé e.

Láàárín àwa Yorùbá, oríyìn ni kí wọ́n sọ pé èèyàn sanra. Bí a bá lọ sílé fún Iléyá tàbí Kérésì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wa ni ẹbí kọ́kọ́ ń wò. Bó bá kún, wọn á ní, "Òkè Ọya gbè yín o!" Bí a bá rù, wọn á máa bèèrè lábẹ́lẹ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀. Látìgbà tí àrùn éèdì sì ti wọ̀lú, ojú ìfura ni wọ́n fi ń wo ẹni tó bá fọn. Nítorí náà, gbogbo wa la fẹ́ kún. Ìyàwó á fẹ́ kí ọkọ òun yọkùn, kí ayé lè mọ̀ pé òun ń tọ́jú rẹ̀. Ọkọ náà á fẹ́ kí ìyàwó òun tóbi, kí wọ́n má baà sọ pé ahun ni òun.

Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa tó kọ́kọ́ dé Kàdúná kò sanra báyìí. Àwọn kan bá ọkọ̀ ojú irin wá, àwọn kan wá ṣòwò, àwọn mìíràn sì gba iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1957. Orí ìdúró ni wọ́n wà nídìí ẹ̀rọ láti àárọ̀ títí iṣẹ́ fi parí; ẹsẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń lọ, òun náà ni wọ́n fi ń bọ̀. Ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé ní 2002. Lónìí, àwa ọmọ wọn wà nídìí ṣọ́ọ̀bù, nídìí tábìlì ọ́fíìsì, tàbí nínú mọ́tò. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni àwa tí à ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí a wọṣẹ́, àwa là ń gbé fáìlì káàkiri, tí à ń gun àtẹ̀gùn, tí à ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ipò ṣe ń ga ni àga ń rọ̀, tí ẹlòmíràn sì ń bá wa gbé fáìlì. Ìgbéga dé, ikùn náà gba ìgbéga. Oúnjẹ tí bàbá wa ń jẹ láti fi ṣiṣẹ́, òun ni àwa ń jẹ láti fi jókòó.

Kì í ṣe àwa nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2022, ẹni 1 nínú ẹni 8 láyé ló sanra jù, àti pé ti àwọn àgbàlagbà ti ju ìlọ́po méjì ohun tó wà ní 1990 lọ. Ní Nàìjíríà, ìwádìí ìjọba lórí ìlera ìdílé fi hàn pé ní 2008, obìnrin 22 nínú 100, láàárín ọdún 15 sí 49, ni ìwọ̀n ara wọn kọjá ààlà. Ní 2018, wọ́n ti di 28. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2018 rí i pé àgbàlagbà bí 6 nínú 100 nílẹ̀ wa ló ní àtọ̀gbẹ.

Èyí tó kan àwa tó kúrò nílé jù ni ìwádìí kan tó jáde ní 1997. Àwọn dókítà wọn ìfúnpá àwọn èèyàn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n dé Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá, wọ́n dé Kamẹrúùnù, wọ́n dé àwọn erékùṣù Kàríbíánì, wọ́n sì dé ìlú kan lẹ́bàá Chicago ní Amẹ́ríkà. Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ẹni 16 nínú 100 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní Kàríbíánì, 26. Ní Amẹ́ríkà, 33. Bí ìwọ̀n ara ṣe ń pọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń pọ̀. Ìran kan náà ni wọ́n. Ibùgbé àti ìṣesí ló yàtọ̀. Ẹni tó bá ní, "Ó wà nínú ìdílé wa ni," ó sọ òótọ́ díẹ̀, kò sọ ọ́ tán. Ẹni tó bá sì ní ayé ló ń ṣe òun, kó kọ́kọ́ lọ wọn ìfúnpá rẹ̀ ná.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Iyán, ẹ̀bà, ìrẹsì àti búrẹ́dì máa ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun kan wà tí ara ń pèsè, tí àwọn dókítà ń pè ní insulin. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn kí ṣúgà náà lè wọ inú ẹran ara. Bí ọ̀rá bá pọ̀ jù, pàápàá èyí tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká, ilẹ̀kùn á bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ṣúgà á máa yí kiri nínú ẹ̀jẹ̀, á máa ba iṣan, ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kò ní dùn wá. Ibi tó ti burú nìyẹn.

Ẹnì kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí kò tíì pé ọdún 55, tó wó lulẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tó máa lajú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kọṣẹ́. Bó bá jẹ́ ilé ni, ẹ̀gbọ́n á wà, àbúrò á wà, wọn á máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Níbí, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń gbé e dìde, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun náà ló tún ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ wọn tó wà ní poli fi ìwé sílẹ̀ fún ọdún kan. Ẹgbẹ́ dáwó, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni owó ẹgbẹ́ lè ṣe. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé tó ti ń kọ́ láti fi fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé e wọ̀ ọ́ ni, kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó wá sí àjò tó gbàdúrà irú ìpadàbọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹ jẹ́ ká tètè mú olè yìí. Tépù tí télọ̀ fi ń wọ̀n wá fún aṣọ ẹbí tó. Ẹ fi wọn ikùn yín: bí ti ọkùnrin bá tó sẹ̀ǹtímítà 94, tí ti obìnrin bá tó 80, ó ti tó àsìkò láti kíyè sára. Ìfúnpá tó bá ń tó 140/90 léraléra, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ṣúgà àárọ̀, kí a tó fẹnu kan nǹkan, bó bá tó 126 lórí ẹ̀rọ tó ń ka mg/dl, ẹ tọ dókítà lọ. Ẹni tí wọ́n bá sì ti fún lóògùn, kó máa lò ó. Kó má ṣe tìtorí pé ara tù ú kó dá a dúró.

Kò sẹ́ni tó ní ká má jẹ iyán. Ẹ jẹ́ kí òkèlè dín, kí ẹ̀fọ́ pọ̀. Ẹ̀fọ́ zogale kò wọ́n níbí, ẹ̀wà wà lọ́jà. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan ní ṣúgà tó bíi ṣíbí tíì 8 tàbí 9. Níbi ìnáwó, ẹlòmíràn á mu mẹ́ta kó tó dìde. Iyọ̀ tí èèyàn yóò jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ ju ṣíbí tíì kan lọ. Ẹ sì jẹ́ ká rìn: ìṣẹ́jú 30 lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2002 fi hàn pé àwọn tí àtọ̀gbẹ fẹ́ mú, tí wọ́n rìn tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì gbìyànjú láti dín ìwọ̀n ara wọn kù ní ìdá 7 nínú 100, fi ìdá 58 nínú 100 dín ewu náà kù. Ẹni tó bá wọn kílò 100, kílò 7 péré nìyẹn. Àwa pẹ̀lú ìyàwó ilé máa ń lọ rìn ní Murtala Square láàárọ̀ Sátidé. Nígbà tí ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í tú lára wa, aládùúgbò kan bi ìyàwó ilé bóyá ìjọba kò san owó oṣù mọ́.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí ẹgbẹ́ kò pọ̀. Kí a ra ẹ̀rọ ìfúnpá kan, kí àwọn nọ́ọ̀sì inú wa máa wọ̀n wá ní gbogbo ìpàdé oṣù. Kí omi kọ́kọ́ dé orí tábìlì kí ẹlẹ́rìndòdò tó dé. Bí a bá sì rí ara wa nílé lọ́dún tó ń bọ̀, kí a dín "o ti sanra" kù, kí a máa bi ara wa pé, "Ìfúnpá rẹ ńkọ́?"

Ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí wọ́n gbé ẹnikẹ́ni nínú wa délé. Ẹsẹ̀ ara wa la ó fi rìn wọlé, pẹ̀lú ìlera, pẹ̀lú èrè àjò wa. Àmín.