Òpó Iná Mẹ́ta

Nígbà tí mo ṣì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èmi ni Bàbá àgbà máa ń rán lọ ra sìgá. Bí mo bá ti dé, wọn á ní kí n mú ṣéńjì, èmi náà á sì sáré lọ ra gúgúrú. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ẹlòmíràn ni mo fẹ́ dá lẹ́bi nínú àròkọ yìí.

Ìlú Òtù là ń gbé, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú. Àgbẹ̀ ni Bàbá. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí ni wọ́n ń gbìn báyìí, ṣùgbọ́n tábà ni wọ́n gbìn nígbà ọ̀dọ́ wọn. Ẹni tó bá mọ Òkè-Ògùn dáadáa mọ̀ pé iṣẹ́ tábà kì í ṣe àjèjì láti Ìsẹ́yìn títí dé ọ̀dọ̀ wa. Owó tábà ni wọ́n fi kọ́ ilé tí à ń gbé, òun náà ni wọ́n fi rán bàbá mi lọ sí ilé-ìwé, nítorí náà n kò lè sọ pé kò ṣe wá lóore rí. Àmọ́ Bàbá ń gbìn ín, wọ́n sì ń fà á.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́n láàmú. Bí wọ́n bá rìn díẹ̀, ẹran ẹ̀yìn ojúgun ọ̀tún á fún wọn pinpin bí ẹni pé okùn ni wọ́n fi dì í. Wọn á dúró. Láìpẹ́, ìrora náà á lọ, wọn á tún máa rìn, á sì tún dé. Láti ilé wa sí ọjà, wọn kì í kọjá òpó iná mẹ́ta kí wọ́n tó dúró. Nítorí pé ojú ń tì wọ́n, wọn á ṣe bí ẹni tó fẹ́ kí ènìyàn. Ìyá eléèkọ tó wà lábẹ́ òpó kẹta rò pé òun ni Bàbá ń wá kí lójoojúmọ́!

Àwọn kan ní ọjọ́ orí ni, àwọn mìíràn ní aromọléegun ni. Onísọ́ọ̀bù oògùn kan gún wọn lábẹ́rẹ́ títí. Kùkùté ló wá tú àṣírí. Ó ṣá wọn ní ọmọ-ìka ẹsẹ̀, oṣù méjì kọjá, egbò náà kò jinná. Ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin bá gbé wọn lọ sí Ìbàdàn, mo sì bá wọn lọ nítorí pé a wà ní ìsinmi.

Dókítà wọn ìfúnpá Bàbá ní apá, ó sì tún wọ̀n ọ́n ní ọrùn ẹsẹ̀. Ẹnu yà mí, n kò rí i rí. Ó ní bí a bá fi ti apá pín ti ẹsẹ̀, kò yẹ kó dín ní 0.90. Ti Bàbá jẹ́ 0.6. Ó ṣàlàyé pé ọ̀rá ti lẹ̀ mọ́ inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀, ó ti fún un bíi rọ́bà omi tí ìdọ̀tí dí. Bí Bàbá bá jókòó, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó ń kọjá tó ẹsẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ń rìn, ẹran ẹsẹ̀ ń béèrè sí i, kò sì rí gbà. Ó ní irú nǹkan yìí kì í mọ sí ẹsẹ̀, ó lè kan ọkàn àti ọpọlọ, àti pé sìgá wà lára ohun tó burú jù tó ń fà á. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè gé ìka náà, tàbí ẹsẹ̀.

Bàbá dákẹ́ pẹ́. Wọ́n wá béèrè pé, “Dókítà, ṣé kí n wá jókòó sójú kan ni?”

“Rárá o, Bàbá. Rírìn ni ẹ ó máa rìn.”

Ó ní kí egbò kọ́kọ́ jinná, kí wọ́n máa lo oògùn, kí a sì máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn wò lálaalẹ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa rìn títí ìrora yóò fi le díẹ̀, kí wọ́n sinmi títí yóò fi lọ, kí wọ́n tún dìde, fún ìṣẹ́jú 30 sí 45, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12. Ẹran ẹsẹ̀ á kọ́ bí yóò ṣe máa lo ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó ń rí.

Oúnjẹ ló dá ìjà sílẹ̀ nílé. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ ju 5 gíráàmù lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí kékeré kan, mágì sì kún fún iyọ̀. Ìyá àgbà ní, “Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, ṣé àgbo ni?” Irú àti alùbọ́sà ló yọ wá. A dín epo kù, a fi ẹja rọ́pò ẹran ọlọ́ràá, àmàlà kéré, gbẹ̀gìrì àti ẹ̀fọ́ pọ̀. Lójú tèmi, kò sí ìdí tí a ó fi máa wá oúnjẹ òyìnbó kiri nígbà tí ẹ̀wà àti ìlasa wà lọ́jà Òtù.

Nígbà tí Bàbá ń ráhùn pé ìyà ló kó àrùn yìí bá àwọn, mo sọ fún wọn nípa Ọba Jọ́ọ̀jì Kẹfà, ẹni tí orí rẹ̀ wà lára ṣílè àtijọ́. Sìgá ni òun náà ń fà, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ dí, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní 1949. Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ọba tó wà lórí owó?”

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n rọra pè mí. “Ìyá mi, bá mi ra ẹyọ kan péré.” Mo kúnlẹ̀. Ọkàn mi ń lù kìkì. N kò ṣe àìgbọràn sí wọn rí. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, Bàbá, n kò ní lè lọ.” Wọn kò jẹun alẹ́. Ọjọ́ méjì gbáko, wọn kò dá ìkíni mi lóhùn, màmá mi sì bá mi wí pé n kò lẹ́kọ̀ọ́. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n fi ìṣáná wọn lé mi lọ́wọ́. “Gbé e fún ìyá àgbà, kó máa fi dáná.” Wọ́n tún fà á lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìyẹn, níbi ìsìnkú ọ̀rẹ́ wọn. Àwọn fúnra wọn ló sọ fún mi.

Egbò jinná, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láràárọ̀ kí n tó lọ sí ilé-ìwé. Ọ̀sẹ̀ kìíní, òpó mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mẹ́rin, inú sì bí Bàbá pé ọ̀kan ṣoṣo ló lé. Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, a kọjá òpó kẹjọ. Ìyá eléèkọ ké láti ìdí igbá rẹ̀ pé kí ló dé tí Bàbá kì í dúró kí òun mọ́.

“Tí mo bá ń padà bọ̀ ni,” ni Bàbá dáhùn, wọn kò sì dúró.