Ìṣẹ́jú Mélòó Ló Kù?

Ìwé ilẹ̀ ni mo ń wá tí mo fi ṣí àpótí bàbá wa. Lọ́yà ti sọ fún mi pé kí n kó gbogbo ìwé tó bá jẹ mọ́ ilẹ̀ náà wá kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kí a lè pe ẹ̀gbọ́n mi lẹ́jọ́. Ọdún mẹ́fà ti kọjá tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kò ti bá ara wa sọ̀rọ̀. Wọ́n ta apá kan lára ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀, wọn kò bi mí. Èmi náà sì sọ ọ̀rọ̀ kan sí wọn níwájú mọ̀lẹ́bí, irú èyí tí àbúrò kì í sọ sí ẹ̀gbọ́n. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ ní òde kan, n kì í lọ síbẹ̀.

Mo rí ìwé ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n lábẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí dísíkẹ́ẹ̀tì dúdú kan tí wọ́n fi báírò kọ PRINCE sí lára. Ìkọ̀wé ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọdún 1997 ni bàbá wa, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́, ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan wá sí ilé wa ní Òkè-Àdó, n'Íbàdàn, kí wọ́n lè máa fi tẹ ìbéèrè ìdánwò. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, ẹ̀gbọ́n mi sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Dùgbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí géèmù tí wọ́n ń pè ní Prince of Persia. Bí bàbá bá ti jáde báyìí, tí àwọn NEPA kò bá sì tíì mú iná lọ, àwa méjèèjì yóò fa àga sídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún, òsì, òkè àti ìsàlẹ̀. Shift ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi, èyí tí a fi ń di etí ògiri mú, tí a fi ń mu oògùn, tí a sì fi ń ṣá ọ̀tá ní idà. Inú mi dùn sí i, nítorí pé èmi ni jagunjagun.

Ìtàn inú géèmù náà kò gùn. Ọba ti lọ sójú ogun. Jaffar, àgbà ìjòyè rẹ̀, gba ìjọba, ó sì fún ọmọbìnrin ọba ní wákàtí kan péré: kí ó gbà láti fẹ́ òun, tàbí kí ó kú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọmọbìnrin náà fẹ́ràn wà nínú ẹ̀wọ̀n lábẹ́ ààfin. Ọgọ́ta ìṣẹ́jú ló ní láti la ìpele méjìlá kọjá. Ilẹ̀ lè já lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, irin ṣóńṣó lè yọ sí i láti ìsàlẹ̀, abẹ ńlá sì lè gé e sí méjì. Ní ìpele kẹrin, jígí kan dí i lọ́nà. Nígbà tí ó bá fo inú jígí náà kọjá, òjìji rẹ̀ yóò bọ́ sóde, yóò sì sá lọ. Láti ìgbà náà, òjìji yìí a di ọ̀tá rẹ̀: a mu oògùn tó yẹ kí ó mu, a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ní ìpele kejìlá, lókè ilé ìṣọ́, a fa idà yọ sí i.

Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dé ọ̀dọ̀ òjìji yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a kú. Bí mo bá ti ṣá a, ẹ̀mí tiwa ló ń dín kù. Ẹ̀gbọ́n mi ní kì í ṣe ẹjọ́ wa, ó ní láti jẹ́ pé dísíkẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi wọ yunifásítì, kọ̀ǹpútà náà dẹnu kọlẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí mo ń lò báyìí kò ní ojú ihò tí a lè ki dísíkẹ́ẹ̀tì bọ̀. Ṣùgbọ́n géèmù àtijọ́ kò tíì kú. Ní ọdún 2015, Internet Archive, ilé ìkówèésí orí íntánẹ́ẹ̀tì tó wà ní Amẹ́ríkà, kó irú àwọn géèmù bẹ́ẹ̀ tó lé ní 2,000 síta fún ẹni tó bá fẹ́ gbá wọn. Ètò kan sì wà tí wọ́n ń pè ní DOSBox. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó mú kọ̀ǹpútà òde òní ṣe bí arúgbó. Ó ń dín eré rẹ̀ kù, nítorí pé bí kọ̀ǹpútà tuntun bá sá eré tirẹ̀, ọ̀pọ̀ géèmù àtijọ́ ni yóò yára ju bí ọwọ́ ènìyàn ṣe lè tẹ̀ lé e lọ. Mo gbé DOSBox sórí ẹ̀rọ mi. Ojú dúdú yọ, mo kọ prince, mo tẹ Enter.

Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti dúró sẹ́yìn mi. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Dádì, kí ló dé tí kò ní ojú?"

Òótọ́ ni, ojú rẹ̀ kò ju àmì kékeré kan lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, tí ó fò, tí ó fi ọwọ́ rọ̀ mọ́ etí ògiri, ọmọ náà dákẹ́. Ó ní, "Ó ń sáré bí ènìyàn gidi."

Ènìyàn gidi ni lóòótọ́. Jordan Mechner, ará Amẹ́ríkà tó ṣe géèmù náà, ló wọ aṣọ funfun fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, David, ní ọdún 1985. Ó ní kí ó máa sáré, kí ó máa fò, kí ó máa gun nǹkan, ó sì ń ká a sínú fídíò. Àwòrán yẹn ló tẹ̀ lé díẹ̀díẹ̀ nígbà tó ń ya ọ̀dọ́mọkùnrin inú géèmù, títí géèmù fi jáde fún kọ̀ǹpútà Apple II ní 1989. Àwòrán náà pọ̀ débi pé ààyè fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú kọ̀ǹpútà, kò sì rí ibi tí yóò fi ọ̀tá mìíràn sí. Ó wá lo àwòrán kan náà, ó yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ó di òjìji. Ní ọdún 2012, bàbá Mechner rí àwọn dísíkẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ náà nínú àpótí kan nílé, iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ rò pé ó ti sọnù. Nígbà tí mo ka èyí, mo wo àpótí bàbá tèmi.

Alaalẹ́ ni èmi àti ọmọ mi ń gbá a. Mo fún un ní bọ́tìnnì ìrìn, mo mú Shift. Géèmù náà gbà kí a tọ́jú ibi tí a bá dé, ṣùgbọ́n aago kì í bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun: iye ìṣẹ́jú tí a bá tọ́jú ni a ó bá níbẹ̀.

"Dádì, ta ló kọ́ yín?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ó ronú díẹ̀. "Ṣé àwọn tó wà nínú fọ́tò ìsìnkú bàbá àgbà yẹn?"

N kò rí èsì fọ̀ ju pé bẹ́ẹ̀ ni. Fọ́tò ni ọmọ mi fi mọ ẹ̀gbọ́n mi.

Ní alẹ́ ọjọ́ Alámìísì, a dé òkè ilé ìṣọ́. Òjìji fa idà yọ. Ọwọ́ mi yá sí Shift, mo ṣá a. Ẹ̀mí wa dín kù. Mo tún ṣá a, ó tún dín kù.

"Dádì, ẹ dúró ná!" ni ọmọ mi kígbe. "Ara yín ni ẹ ń ṣá!"

Mo gbé ọwọ́ kúrò. Ó tẹ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti idà bọ inú àkọ̀. Òjìji náà ti idà tirẹ̀ bọ inú àkọ̀. Àwọn méjèèjì rìn pàdé ara wọn, wọ́n sì di ẹyọ kan. Níwájú wọn, òfìfo ni, kò sí ilẹ̀. Ọmọ mi gbé ẹsẹ̀ sí i bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ sì ń yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo tẹ Esc kí aago lè dúró. Bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ yẹn, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló wà ní gbogbo ìgbà náà. A kò mọ̀ pé òun ni a ń wá. Èmi sì rèé, ṣíṣá ni mo mọ̀.

Mo mú fóònù, mo wá nọ́ńbà tí n kò pè láti ọdún mẹ́fà. Wọ́n gbé e.

"Ẹ káalẹ́, bọ̀dá mi."

Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, sà. Òjìji òkè ilé ìṣọ́ yẹn ni. Kò yẹ kí a bá a jà rárá. Ṣe ni kí a ti idà bọ inú àkọ̀."

Wọ́n tún dákẹ́, ó pẹ́. Mo rò pé wọ́n ti pa fóònù.

"Ìyẹn ni pé dísíkẹ́ẹ̀tì yẹn kò bàjẹ́?"

"Kò bàjẹ́, bọ̀dá mi."

"Ìṣẹ́jú mélòó ló kù?"

Mo wo ojú kọ̀ǹpútà. "Ó ku mẹ́rin, sà."

"Ó tó," ni wọ́n wí. "Má kánjú."

A kò tíì yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ó ń dùn mí síbẹ̀ pé wọn kò bi mí, ó sì dájú pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ ń dun àwọn náà. Ṣùgbọ́n ìwé ilẹ̀ ti padà sínú àpótí, n kò sì gbé e lọ bá lọ́yà mọ́. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi kan ilẹ̀kùn. Ọmọ mi dọ̀bálẹ̀, ó wo ojú wọn dáadáa, ó sì fa àga kẹta sídìí kọ̀ǹpútà.