Ta Ló Hun Agbọ̀n Tí Ọmọ Gbé Lọ Sílé Ìwé?

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ táwọn ọmọ wa ń gbé lọ sílé ìwé. Bí sáà ẹ̀kọ́ bá ti ń parí lọ, tí tíṣà ní kí kálukú mú ìgbálẹ̀, agbọ̀n tàbí àwòrán wá fún CCA, ìyẹn ẹ̀kọ́ àṣà àti iṣẹ́ ọnà, ọjà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbà lọ. A ó ra ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ìyá tó ń tà á, a ó ra agbọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó hun ún, a ó sì bẹ ọmọ àdúgbò tó mọ àwòrán yà kó bá wa ya igi ọ̀pẹ sínú ìwé. Ọmọ á gbé e lọ, á gba máàkì. Ó mọ̀ pé òun kọ́ lòun ṣe é, ó sì mọ̀ pé àwa náà mọ̀. Irọ́ la fi kọ́ ọ lọ́jọ́ náà, tìfẹ́tìfẹ́, torí ká má bàa fún un ní òdo.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwà burúkú ló ń sún wa dé ibẹ̀. Ẹni tí kò hun agbọ̀n rí, kí ni yóò fi kọ́ ọmọ? Tíṣà gan-an lè jẹ́ ẹni tó kọ́ ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí wọ́n kàn gbé CCA lé lọ́wọ́ torí pé kò sẹ́lòmíì. Íntánẹ́ẹ̀tì lè ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀, bí a bá mọ ohun tí a fẹ́ wá. Ẹni tó bá kàn tẹ "art for kids" sínú Google, ènìyàn tí wọ́n fi yìnyín mọ ló máa bá pàdé, àti igi Kérésìmesì, àti páálí aláràbarà tí kò sí ní ọjà Òkìtìpupa. Ó dáa fún ọmọ tí yìnyín ń bọ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Ọmọ Ìkálẹ̀ tó bá jókòó tì í yóò máa ya ohun tí ẹlòmíì rí, á sì máa rò pé ibòmíì ni iṣẹ́ ọnà ti ń wá.

Ẹ tẹ "Olowe of Ise" dípò rẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí Olówè agbẹ́gilére sí, Ìsẹ̀-Èkìtì ló ti ṣiṣẹ́ ọnà fún ààfin Arínjalẹ̀, ọba ìlú náà, ó sì kú ní 1938. Àwo onídèérí kan tó gbẹ́ wà ní mùsíọ́mù iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ti Smithsonian, ní Washington. Àwọn obìnrin ń jó lórí ìdérí rẹ̀. Obìnrin kan kúnlẹ̀, ó gbé àwo dání, àwọn ère kéékèèké mìíràn sì yí i ká nísàlẹ̀, wọ́n ń bá a gbé e. Láàárín àwọn ère wọ̀nyẹn, orí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wà níbẹ̀ tó ń yí gbirigbiri, tí kò sì lè jáde. Ẹ bi ọmọ yín pé báwo lorí yẹn ṣe débẹ̀. Ẹ má tètè dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kó sọ pé wọ́n la igi sí méjì, kó sọ pé gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Igi kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Inú igi náà ni Olówè ti tọ ọ̀bẹ bọ àárín àwọn ère, tó gbẹ́ orí náà títí tó fi já gbà. Ọmọ tó bá ti ronú lórí èyí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fún un ní ọṣẹ ìfọṣọ gbọọrọ kan àti ṣíbí àtijọ́, ẹ ní kó gbẹ́ ẹyẹ jáde lára rẹ̀. Èérún ọṣẹ tó bá bọ́ sílẹ̀, ẹ kó o jọ, ẹ fi fọṣọ.

Ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, tí Olówè yìí kan náà gbẹ́ wà ní British Museum ní London. Ní 1924 ni wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley, tí Ògògà sì fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe nílùú Gẹ̀ẹ́sì. Òpó ààfin náà kan wà ní Chicago. Nínú ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa gan-an, ẹ wá "Owo terracotta", kẹ́ ẹ rí àwọn ère amọ̀ tí awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo wú jáde ní Igbó'Lájà ní Ọ̀wọ̀ ní 1971. Amọ̀ kò ṣọ̀wọ́n nítòsí wa, ẹ ò ní náwó kankan lórí ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ owó tún kan dátà. Àwa tí a mọ bí ó ṣe rí kí iná ìjọba lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún ò lè ní kí ọmọ máa wo fídíò títí bátìrì á fi kú. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo nínú wa tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ dáa gba àwòrán bíi mélòó kan sórí fóònù, kó fi Bluetooth pín in fún àwọn tó kù. Ẹ tẹ ọ̀kan tó tóbi, tó ní àwọ̀, jáde ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ẹ fún tíṣà kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì. Kò sí ọmọ tí kò ní rí i, bí bàbá rẹ̀ ní fóònù tàbí kò ní. Kò sì sẹ́ni tó máa pè yín lólè. Láti oṣù Kejì ọdún 2017 ni mùsíọ́mù Metropolitan ní New York ti fi àwòrán tó lé ní 375,000 sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, Smithsonian sì fi 2,800,000 sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2020. Àmì CC0, tó ń sọ pé ẹnikẹ́ni lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ni kẹ́ ẹ máa wò. British Museum kò fẹ́ ká fi àwòrán tiwọn ṣòwò, àmọ́ wọ́n gbà ká fi kọ́ni, bí a bá ti dárúkọ wọn.

Àríyànjiyàn lórí ohun tó yẹ ká gbé síwájú ọmọ ti pẹ́ nílẹ̀ yìí. Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ló jà kí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tó wọ ilé ìwé ní Nàìjíríà. Kò ní olùkọ́ nígbà èwe rẹ̀. Àwòrán inú ìwé àti ìwé ìròyìn òyìnbó ló ń wò, tó ń dà kọ, kó tó lọ kàwé ní London ní 1920. Nígbà tó dé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé l'Ékòó bí ohun tó wà lókèèrè ṣe ń kéré lójú, débi tí wọ́n fi ń pè é ní Mr Perspective. Òun náà ló rọ ìjọba títí wọ́n fi mú Kenneth Murray, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ní 1927. Murray ní tirẹ̀ fẹ́ kí ọmọ kọ́ amọ̀, igi àti ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń fọwọ́ ṣe. Èmi fẹ́ràn Ọnàbólú nítorí ìgboyà rẹ̀, ṣùgbọ́n lórí ọmọ kékeré, mo gbè sẹ́yìn Murray. Kí ọmọ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nílé wọn, kó tó kọ́ bí ọ̀nà ṣe ń tín-ín-rín lọ lókèèrè.

Àwọn òbí tó bá ti gbọ́ ìtàn àwọn àgbà wa nípa Abodi, ọba Ìkálẹ̀, àti Ìbìní, ẹ bá mi wo Digital Benin, tó ṣí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Ohun ọ̀ṣọ́ àti ère 5,246 tó fọ́n ká sí mùsíọ́mù 131 ní orílẹ̀-èdè 20 lẹ́yìn tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin Ìbìní ní 1897 ni wọ́n kó àwòrán wọn jọ sójú kan nígbà náà. Orúkọ tí àwọn Ẹ̀dó ń pe nǹkan wọn ni wọ́n kọ sí i lára. Ó ń wù mí gan-an kí a ní irú rẹ̀ níhìn-ín. Bí ẹ bá wá bí a ṣe ń tọ́ igi ògùrọ̀ àti bí a ṣe ń hun ẹní lọ́nà ti Ìkálẹ̀, ẹ ò ní rí ohun tó pọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ìyá tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàárín wa.

Torí náà, ohun tí mo fẹ́ ká bá àwọn tíṣà sọ ní ìpàdé PTA tó ń bọ̀ kò pọ̀. Kí wọ́n dẹ́kun gbígba agbọ̀n ọjà. Kí wọ́n pe ìyá kan tó ń hun nǹkan wá sí kíláàsì, kí àwa òbí dá owó ọkọ̀ rẹ̀ àti owó ọjọ́ rẹ̀, kí ọmọ ilé ìwé girama kan fi fóònù ya ọwọ́ ìyá náà bó ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ìyá fúnra rẹ̀ máa fi ahọ́n Ìkálẹ̀ dárúkọ ohun tó ń ṣe. Ká gbé e sórí YouTube, kí ọmọ Ìrèlè àti ọmọ Ìkálẹ̀ tí wọ́n bí sí London náà lè rí i. Agbọ̀n tí ọmọ bá hun lọ́jọ́ náà, bó wọ́ bó tọ́, ni kí tíṣà fún ní máàkì.