Mel Blanc, Ọkùnrin Olóhùn Ẹgbẹ̀rún

Bí ọ̀rọ̀ òní bá jọ ọ̀rọ̀ ọmọdé létí yín, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ tán-án-ná, àfàsé àti ahọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Mel Blanc ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Mo máa ń pa àwòrán katúùnù rẹ̀, kí wọ́n fi etí nìkan gbọ́ ọ. Ó máa ń ṣòro fún wọn láti gbà pé ẹnu kan ṣoṣo ni Bugs Bunny ehoro, Daffy pẹ́pẹ́yẹ, Sylvester ológbò àti Tweety, ẹyẹ kékeré tí ológbò náà ń lépa, fi ń sọ̀rọ̀.

Ọdún 1908 ni wọ́n bí i ní San Francisco. Nídìí iṣẹ́ rédíò ni ó ti gbówọ́. Nínú ètò Jack Benny, òun ni ó ń fi ẹnu ṣe ọkọ̀ ògbólógbòó tí ń wúkọ́ tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́.

Ní 1937, ó gba ipò Porky, ẹlẹ́dẹ̀ akólòlò. Joe Dougherty ni ó ń sọ̀rọ̀ fún Porky tẹ́lẹ̀, akólòlò gidi sì ni Dougherty. Kò lè pinnu ibi tí ọ̀rọ̀ yóò ti há, nítorí náà gbígba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ń pẹ́, ó sì ń náni lówó. Blanc ní tirẹ̀ mọ ìró tí yóò tún pè, iye ìgbà tí yóò pè é, àti ìgbà tí yóò pa ọ̀rọ̀ náà tì, tí yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Àánú Dougherty a máa ṣe mí: ohun tí ó jẹ́ ìnira fún un ni ẹlòmíràn sọ di iṣẹ́ ọnà.

Ọ̀rọ̀ Sylvester àti Daffy ni ó wù mí jù. Àwọn méjèèjì kì í lè pe /s/ dáadáa. Ahọ́n wọn a yọ sí àárín eyín, itọ́ a sì máa fọ́n. Ohùn kan náà ni ní ìpìlẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi mú ti Daffy yá sí i, tí ó fi lọ sókè. Wọ́n fi ti Sylvester sílẹ̀ bí ó ṣe jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí bóyá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ní ba ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ èdè Yorùbá jẹ́. Rárá o. Bí gbogbo wọn bá jọ gòkè, ọ̀kan ṣì ga ju èkejì lọ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀; ‘ọkọ́’ kò ní di ‘ọkọ̀’.

Ohun kan wà tí n kò lè yìn. Láàárín àwọn ọdún 1940 ni Warner Bros. bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ Blanc sára fíìmù. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ tirẹ̀ nìkan ni. Arthur Q. Bryan, tí ó sọ̀rọ̀ fún Elmer Fudd, ọdẹ tí kì í rí ehoro pa, kú ní 1959. Ọ̀pọ̀ òǹwòran ṣì rò pé Blanc ni.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1961, ọkọ̀ kan kọlu tirẹ̀ ní Sunset Boulevard, Los Angeles. Eegun rẹ̀ ṣẹ́ káàkiri, ó sì dákú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń ròyìn rẹ̀, wọ́n pè é títí, kò dáhùn, àfi ìgbà tí oníṣègùn ọpọlọ kan kí Bugs Bunny, tí ó béèrè àlàáfíà rẹ̀. Ehoro dáhùn. Dókítà pe Tweety. Òun náà jẹ́. Èmi kò sọ pé ehoro ni ó jí i dìde o. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fi ogún ọdún sọ ohùn kan, ohùn náà ti wọ gògóńgò àti ahọ́n rẹ̀ débi pé kò nílò ìrònú mọ́, bí ẹsẹ̀ onílù ṣe ń mì láìjẹ́ pé ó rán an níṣẹ́.

Daws Butler bá a di ipò Barney Rubble mú fún ìgbà díẹ̀ nínú The Flintstones. Nígbà tí wọ́n gbé Blanc délé, tí P.O.P. ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó sì ń rẹ́rìn-ín Barney. Títí di 1988 ni ó ṣì ń sọ̀rọ̀ fún Bugs, nínú Who Framed Roger Rabbit. Ó kú ní oṣù keje ọdún 1989, ní ẹni ọdún 81.