Àmì Ohùn Lórí Ojú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ tòní lè jọ ti àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n èdè Yorùbá gan-an ni mo ń bá bọ̀.

Orí láptọ́ọ̀pù ni mo ti ń yẹ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò níhìn-ín ní Ọ̀tọ̀, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Píksẹ̀lì 1366 ni ìbú ojú rẹ̀, 768 ni òró rẹ̀. Lórí irú ojú bẹ́ẹ̀, lẹ́tà oníwọ̀n 12 kì í ju píksẹ̀lì 16 lọ ní gíga. Nínú 16 yìí ni ara lẹ́tà, àmì orí rẹ̀ àti àmì abẹ́ rẹ̀ yóò ti pín àyè. Gẹ̀ẹ́sì kò mọ̀ pé ìyà kan wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ́ tí a fi ń ro oko àti ọkọ̀ tí a fi ń rìnrìn-àjò, ibi tí ìlà kékeré kan dojú kọ nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀. Unicode, tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ní ẹ, ọ àti ṣ lódidi, ṣùgbọ́n kò ní ẹ́ tàbí ọ̀ lódidi. Ṣe ni ẹ̀rọ ń gbé àmì ohùn lé lẹ́tà lórí bí ẹni gbé igbá karí. Bí píksẹ̀lì kò bá tó, igbá a máa wọlé sí orí. Máàkì ọmọ ọlọ́mọ sì wà lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Mo bá ra mọ́nítọ̀ tòkúnbọ̀ kan ní ọjà Alábà, oní-íǹṣì 27, tí píksẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ 3840 sí 2160. Mo fi wáyà HDMI so wọ́n pọ̀. Lẹ́tà tóbi lóòótọ́, àmọ́ ó rí bàìbàì bí ohun tí a ń wò nínú ọyẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ mi wà lórí Duplicate: àwòrán kan náà ló ń fi hàn lójú méjèèjì, ó sì gé e mọ ìwọ̀n ojú kékeré. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ P, kí ẹ mú Extend, kí ojú kọ̀ọ̀kan lè dá dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Display settings, ẹ yan 3840 sí 2160 fún mọ́nítọ̀, kí ẹ sì gbé Scale sí 150. Lẹ́tà tó ga ní píksẹ̀lì 16 di 24. Àmì ohùn dúró gedegbe!

Ọfà orí ojú kọ̀ǹpútà lè máa wọ́ bí ìgbín. HDMI 1.4 tí ó wà lára ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kì í lè gbé irú àwòrán ńlá yìí ju ìgbà 30 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, HDMI 2.0, tí ó jáde ní 2013, ń gbé e ní ìgbà 60. Fún ìwé kíkà, 30 tó. Ẹni tó fẹ́ wo bọ́ọ̀lù ni yóò bínú. Bí ètò kan bá sì ṣì rí bàìbàì, ẹ pa á dé, kí ẹ tún un ṣí lórí mọ́nítọ̀ náà.

Ohun kan kù tí mọ́nítọ̀ kò lè wò sàn: ìlà pupa tí Word ń fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀. Abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ gan-an ló ń gbà kọjá, á sì bo àmì tí à ń wá mọ́lẹ̀. Mo ti pa á ní tèmi.

Mọ́nítọ̀ kò ní bátìrì. Bí wọ́n bá mú iná lọ, gbogbo ohun tí mo ṣí a sá padà sórí láptọ́ọ̀pù. Mo a máa ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú àti ìwé ìtọ́kasí nígbà náà, kí n fi oríkì àti ewì sílẹ̀ di ìgbà tí iná bá dé.