Tòkunbọ̀ ní Ìlú Ìbejì

Láti Abẹ́òkúta ni mo ti lọ wo ọkọ̀ kan ní Igbó-Ọrà. Ní ìlú ìbejì yìí, orúkọ a máa sọ bí a ṣe bí ọmọ: Ìdòwú ni ó ń tẹ̀ lé ìbejì, Àlàbá sì ń tẹ̀ lé Ìdòwú. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi gba orúkọ ọkọ̀ náà gbọ́.

Ẹni tó ń tà á ní, “Ọ̀gá mi, tòkunbọ̀ ni, fáàsì bọ́dì!” Orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni a fi ń pe ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n kó wọlé láti ibẹ̀. Fáàsì bọ́dì ni èyí tí a kò tún ọ̀dà rẹ̀ kùn rí.

Bàbá mẹkáníìkì tó bá mi lọ ká kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà sókè. Ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dà tuntun sì hàn létí ilẹ̀kùn. Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, Tòkunbọ̀ yìí kì í ṣe àbísọ. Àlàjẹ́ ni.”

Ọkọ̀ èrò ni mo wọ̀ padà sílé, owó mi sì wà lápò mi.